Ológbò Tí Mo Gbé Sọdá Omi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Yorùbá mi ò fi bẹ́ẹ̀ dán mọ́rán, Jos ni wọ́n bí mi sí. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá kan nítorí ohun tí èmi ṣe, èmi náà ni wọ́n sì fẹ́ gbé iṣẹ́ ọ̀hún fún.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mò ń gbé ní Bukuru, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jos. Ológbò kan ń pa òròmọdìẹ wọn jẹ. Mo dì í sínú àpò, mo lọ jù ú sí Tina Junction tó jìnnà sílé. Ó padà wá. Ìyá mi ní mi ò gbọdọ̀ pa á, pé ẹ̀jẹ̀ ológbò kì í tán lọ́wọ́ èèyàn. Wọ́n ní kí n gbé e sọdá omi, kò ní mọ ọ̀nà ilé mọ́.

Kòtò tí wọ́n ti wa kùsà nígbà kan wà lẹ́yìn àdúgbò wa. Ó ti di adágún, erékùṣù kékeré sì wà láàárín rẹ̀. Ẹyẹ omi nìkan ló ń gbé ibẹ̀, inú koríko ni wọ́n ń yé sí. Baba Sule, apẹja Hausa kan, ló ní ọkọ̀ ojú omi ibẹ̀. Bí wọ́n ṣe lọ kí ìrun Jímọ̀, mo mú ọkọ̀ wọn láìtọrọ. Mo rí i pé ikùn ológbò yẹn tóbi, pé ó lóyún. Síbẹ̀ náà, mo tú u sílẹ̀ ní erékùṣù.

Nígbà tó yá, ìyẹ́ nìkan là ń rí ní erékùṣù. Àwọn tó ń dáàbò bo ẹranko wá, Àǹtí Rifkatu ni ọ̀gá wọn. Wọ́n gba àwa ọ̀dọ́ kan kí á máa dẹ pàkúté, kí á kó gbogbo ológbò kúrò. Wọ́n gba Baba Sule kí wọ́n máa fi ọkọ̀ gbé wa. Ológbò tí mo gbé débẹ̀ yẹn kó sí pàkúté tèmi, tòun tàwọn ọmọ rẹ̀. Mi ò lè wò ó.

Àǹtí Rifkatu bi wá pé, “Ológbò ò lúwẹ̀ẹ́ débí. Ta ló gbé e wá?”

Ọmọkùnrin kan láàárín wa ní òun ti rí ọkọ̀ Baba Sule lórí omi rí, tòun ti àpò kan tó ń mì. Ọyẹ́ ò jẹ́ kí òun rí ojú ẹni tó ń wà á.

Ó yíjú sí Baba Sule: “Àbí ọkọ̀ yẹn ń wa ara ẹ̀ ni, Baba?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

“Wallahi, mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀,” ni Baba Sule wí.

Ẹ mọ bí Jos ṣe rí. Ẹni tí kì í ṣe tiwa la máa ń kọ́kọ́ fura sí. Wọ́n ní bàbá yẹn ló gbé ológbò síbẹ̀ kí iṣẹ́ ọkọ̀ lè máa wà. Mo wà níbẹ̀. Mo tiẹ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n lé Baba Sule kúrò lórí omi yẹn pátápátá, kódà wọ́n ní kí bàbá yẹn má pẹja níbẹ̀ mọ́. Àwọn ẹyẹ ti ń padà wá yé. Wọ́n ní èmi ni kí n máa wa ọkọ̀, kí n máa ṣọ́ erékùṣù, kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Lánàá, mo gba iwájú ilé Baba Sule kọjá. Àwọ̀n wọn wà lórí ògiri, ó ti gbẹ. Wọ́n pè mí ní Hausa: “Yaro, sannu,” ìyẹn “ọmọkùnrin, pẹ̀lẹ́ o,” wọ́n wá bi mí pé, “Àwọn adìẹ ìyá ẹ ńkọ́?” Wọn ò bi mí nípa adìẹ rí.

Ìyá mi ní kí n pa ẹnu mọ́. Mi ò lè sùn mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé Àǹtí Rifkatu ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, àbí Baba Sule, tó jọ pé wọ́n ti mọ̀, tí wọ́n kàn ń dúró kí n sọ ọ́ fúnra mi?