Èmi Tí Mo Já Káàdì Gbà Lọ́wọ́ Bàbá Ni Wọ́n Ń Pè Ní Ọ̀tá

Ẹ má sọ pé kí n ṣe sùúrù mọ́, Màmá Ìjọra! Sùúrù wo ló kù? Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ tẹnu èmi náà, torí mo mọ̀ pé Bàbá, ẹ̀gbọ́n yín, ti pè yín pé Wosilat, ìyàwó Adéṣẹ́gun, ló dènà oríire àwọn. Èmi! Èmi tí mo ń fọ aṣọ bàbá ọkọ mi látìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìntì ní wáàfù Àpápá!

Ẹ gbọ́ o. Lọ́jọ́ Tuesday, mo wà nídìí maṣín ìránṣọ mi, Bàbá jáde, wọ́n ń jó. Wọ́n ní àwọn jẹ jíìpù. Jíìpù! Wọ́n ní ímeèlì ló wọlé. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ta tẹ́tẹ́ ni?" Wọ́n ní rárá. "Ṣé ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ iléeṣẹ́ náà rí?" Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ orúkọ wọn rí. Háà! Ẹni tí ò gbin àgbàdo, oko ta ló ti fẹ́ ya á?

Ni mo bá gba fóònù wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó fẹ́ fún yín ní jíìpù, ṣé kò ní mọ orúkọ yín ni? "Ẹ̀yin olóríire" ni wọ́n kọ, pẹ̀lú nọ́ńbà oríire kan, kò sí Oyèkànmí, orúkọ Bàbá, níbẹ̀ rárá. Àdírẹ́sì ẹni tó fi ránṣẹ́, lẹ́tà àti nọ́ńbà tó lọ́ mọ́ra wọn bí irun tí wọn ò yà. Wọ́n wá ní kí Bàbá kọ nọ́ńbà iwájú káàdì báńkì wọn, kí wọ́n tún kọ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ẹ̀, pé ẹgbẹ̀rún méjì péré làwọn máa yọ fi gbé jíìpù wá, kó tó di aago méjìlá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn á fún ẹlòmíì. Olè tó ń kán èèyàn lójú kó má baà ráyè ronú!

Bàbá ti mú káàdì dání. Wọ́n ti tẹ nọ́ńbà mẹ́jọ! Mo já káàdì gbà, mo sá wọ yàrá, mo tilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé àrífín ni. Mo mọ̀! Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ abẹ ojú wọn ló wà nínú àkáǹtì yẹn, ojú ọ̀tún tí ò ríran mọ́, tí Adéṣẹ́gun fi ọdún kan gbáko kó jọ nídìí títún tírélà ṣe ní ibùdókọ̀ Coconut. Ṣé kí n máa wòran ni?

Kí ni Bàbá ṣe? Wọ́n bọ́ síta, wọ́n ń pariwo, "Ẹ gbà mí o! Ìyàwó ọmọ mi ò fẹ́ kí n lówó!" Mirabel tó ń ta omi tútù lẹ́nu géètì gbọ́. Collins, ayálégbé iwájú, gbọ́, òun ló tún sọ fún mi pé, "Mama Tóbilọ́ba, abeg, leave Papa make e enjoy im blessing." Látọjọ́ náà, bí mo bá gbé oúnjẹ fún Bàbá, wọ́n á ní kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Wallahi, mo sunkún!

Ó wá di Friday. Collins yìí kan náà ló ń fi orí gbá ògiri. Ímeèlì kan náà ló gbà, nọ́ńbà oríire kan náà! Jíìpù kan fún èèyàn méjì nínú ilé kan! Ó kọ nọ́ńbà káàdì ẹ̀, àwọn olè náà pè é pé kó ka nọ́ńbà tí báńkì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́, ó kà á fún wọn. Wọ́n gbá àkáǹtì ẹ̀ mọ́ féú. Owó tó fẹ́ fi ra ẹja ní Marine Beach fún ìyàwó ẹ̀ láti yan tà, ó lọ.

Ṣé Bàbá bẹ̀ mí? Rárá o! Wọ́n kàn wọlé lọ. Àárọ̀ òní ni ímeèlì míì wọlé, wọ́n na fóònù sí mi, wọn ò wo ojú mi, wọ́n ní, "Bá mi wò ó, ṣé ojúlówó lèyí?" Mo wò ó, mo ní, "Bàbá, olè ni." Wọ́n ní, "Hùn," wọ́n lọ. Hùn! Ṣé hùn ló máa fọ orúkọ mi mọ́?

Ẹ ní kí ni? Pé ọ̀rọ̀ ti tán? Kò tán o! Kí wọ́n jáde, kí wọ́n sọ ọ́ sókè, kí Mirabel gbọ́, kí ẹni tó ń kọjá lọ gbọ́, pé mi ò ṣe ibi. Ẹ wọlé lọ bá wọn báyìí, Màmá. Mi ò ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà yìí.