Kókó Kẹfà

Ẹni tó ń rin ìrìn àjò a máa tú ẹrù rẹ̀ wò. Dókítà ti ní ọjọ́ mi kò pọ̀ mọ́. Mo tú tèmi, mo sì bá irọ́ kan nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́ síta kí n tó gbéra.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gé ẹran ara tí wọ́n bá yọ lára aláìsàn, kí n tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, kí wọ́n fi awò wò ó. Jẹjẹrẹ awọ ara kan tó ṣọ̀wọ́n ló mú aránṣọ kan lápá. Wọ́n gé jẹjẹrẹ náà kúrò, wọ́n sì gbé ọ̀rá abẹ́ abíyá rẹ̀ wá fún mi, pé kí n ṣa àwọn kókó inú rẹ̀, àwọn hóró kéékèèké tí ara fi ń sẹ́ àrùn. Nínú àrùn yẹn, kókó ni ń sọ bí ọjọ́ iwájú yóò ti rí: bí wọ́n bá mọ́, ọkàn a balẹ̀ díẹ̀, bí àrùn bá ti wọ ọ̀kan, ìtọ́jú gbọ́dọ̀ tètè le sí i.

Mo rí márùn-ún. Ìka mi kan ẹ̀kẹfà, kò ju hóró ọkà lọ. Ebi ń pa mí. Mo ní, "Kí ni ìwọ fẹ́ mọ̀ tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ kò mọ̀?" Mo dá a padà sínú ìgò tí ọ̀rá tó kù wà, mo kọ ọ́ pé márùn-ún péré ni mo bá. Márààrún mọ́. Ọ̀lẹ burúkú!

Ìyẹn ṣì kéré. Lọ́sẹ̀ kẹrin, aránṣọ náà gbé ṣẹ́ẹ̀tì tó rán fún mi wá. "Bàbá Onígíláàsì, ẹ ṣeun o. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ wá inú rẹ̀ fínnífínní."

Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, n kò fi nǹkan kan sílẹ̀."

Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ó bá mi mu rẹ́gí, ó sì ń jó mi lára bí ewé èsìsì. Mo sáré lọ bá Ìyá Ìgò, tó ń tọ́jú ìgò wa, mo bi í léèrè ìgò ọ̀rá aránṣọ náà.

"Àná ló yẹ kí n dà á nù," ló wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ onígbàgbé, o ò fọwọ́ sí i. Ojú ẹni máa là á rí ìyọnu. Tèmi ti là tó, n kì í da ohun tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ sí."

Mo gé kókó kẹfà. Àrùn wà nínú rẹ̀.

Mo sọ fún dókítà aránṣọ náà pé ó bọ́ mọ́ mi lójú ni. Irọ́! Ìka mi kàn án. Wọ́n tún wá ń yìn mí pé mo padà wá a. Dókítà ní, "Ọpẹ́ ni pé awò nìkan ló lè rí àrùn inú rẹ̀, ó sàn ju èyí tó ti wú débi tí ọwọ́ ń bà á láti òde ara lọ." Wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú abíyá aránṣọ náà. Ọdún kọkànlá rèé, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ṣì ń dún.

Ìyá Ìgò, o ṣeun, o ṣeun, o tún ṣeun. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, ohun tí ìka yín bá ti kàn, ẹ má dá a padà sínú ọ̀rá.

Aránṣọ, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, mo ti fọ̀ ọ́, mo ti lọ̀ ọ́. Bí o kò bá lè dárí jì mí, mú un lọ. Bí o bá lè dárí jì mí, jẹ́ kí wọ́n fi sin mí.