Ìbọn Ìléwọ́ Tí Mo Fi Òróró Kùn

Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Adájọ́ sọ iye ọdún tí mo gbọ́dọ̀ lò kí ẹnikẹ́ni tó tún yẹ ọ̀rọ̀ mi wò. Mo ro irun orí mi tó ti ń funfun, mo sì mọ̀ pé bí mo bá tilẹ̀ jáde, ọ̀pá ni n ó máa fi rìn. Ẹ má bi mí lórúkọ. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí dára ju ohun tí mo fi ṣe lọ, mo ti fi í sílẹ̀ níta ọgbà yìí. Ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí mo wà yìí, kò sí ibi tí mò ń kánjú lọ.

Èkìtì ni wọ́n ti bí mi, ní abúlé kan tí òkè yí ká. Ọdẹ ni bàbá mi. Ó tún máa ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi, ohùn rẹ̀ a sì bo ti gbogbo akọrin mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ wà, ẹ wá a lọ sí ẹ̀yìnkùlé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ ó bá a lórí àpótí rẹ̀, tí ṣakabùlà rẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí itan rẹ̀ bí ọmọ tó ń sùn. Àdín ló máa ń fi kùn ún. Kì í fi ọwọ́ bu àdín o. Ìyẹ́ adìẹ ló máa ń tì bọ inú ìgò, yóò wá fi fa irin náà láti ìdí títí dé ẹnu, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń pẹ̀tù sí aláìsàn nínú. Òórùn àdín àti ẹ̀tù jíjó, tó dàpọ̀ mọ́ èéfín iṣu tí ìyá mi ń sun, òun ni òórùn ilé fún mi. Títí di òní, bí mo bá di ojú, mo ń gbọ́ ọ.

Àwọn ọdẹ ìdílé wa ní àṣà kan. Bí wọ́n bá ní ìbọn tuntun, wọn kì í gbé e wọ yàrá kí ó tó dún. Bàbá mi a gbé e lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà oko, a kí i bí ẹni ń kí àlejò, a yìn ín sí òfuurufú, kó tó wá gbé e wọlé. "Kó sọ tẹnu ẹ̀ níta," ni ó máa ń wí, "kó má bàá bá wa sọ̀rọ̀ nínú ilé." Ìbọn tirẹ̀ nìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń dún. Bó bá ti dún, irin lásán ni, àfi tí wọ́n bá tún ki í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Lọ́jọ́ kan, mo gbé ìbọn náà níbi tó ti wà lófìfo, mo kọ ẹnu rẹ̀ sí Bọ́lá, àbúrò mi obìnrin, mo ní, "Gbòlà!" Bọ́lá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi dìde lórí àpótí.

"O ti pa á," ni ó wí.

"Bàbá, kò sí nǹkan nínú ẹ̀."

"Mo ní o ti pa á. Lọ dọ̀bálẹ̀, kí o bẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ti pa á."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀ fún ọmọ tí mo máa ń pọ̀n sẹ́yìn. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Bọ́lá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, nítorí ojú bàbá wa. Bàbá ò nà mí. Ìbá ti nà mí, bóyá n bá ti gbàgbé kíákíá. Ṣé ẹ rí i, n kò gbàgbé, síbẹ̀ ibi tí mo wà nìyí.

Mo dàgbà, mo wá sí London, mo di awakọ̀ lọ́rì ní Dagenham Dock. Nígbà tí bàbá mi kú, ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde, n kò lè lọ sin ín. Lórí fóònù ni mo ti gbọ́ ìró ìbọn tí àwọn ọdẹ yìn fún un. Mo dúró sí etí Parsloes Park, mo gbé fóònù mọ́ etí, àwọn ènìyàn ń fa ajá wọn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àbúrò bàbá mi ló jogún ìbọn. Èmi ò jogún nǹkan kan àfi òórùn tí mo sọ fún yín.

Ẹni tó gbé mi dúró lákòókò yẹn ni Àlàájì Mùfútàù, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ń wa ọkọ̀ agbẹ́rùsókè ní ibi iṣẹ́ wa. Mùsùlùmí ni, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni èmi. Bó bá di ọdún iléyá, ilé wọn ní Barking la ó ti jẹran. Bó bá di Kérésì, òun ni yóò kọ́kọ́ jókòó nídìí ìrẹsì wa. "Ará òkè" ló máa ń pè mí. Èmi náà a ní, "Ìjẹ̀bú, ahun!" A ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Ogún ọdún la fi wà bẹ́ẹ̀, ó sì lé.

Jídé ni orúkọ ẹni tó gbé ìdẹwò wá. Awakọ̀ bíi tèmi ni, òun ló máa ń gba Belgium lọ gba Belgium bọ̀. Ó wá sílé mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú àpò ike.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi èyí sínú ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìnkùlé yín. Ọ̀sẹ̀ kan péré. Abẹg."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ẹ má tú u, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tí ò rí i, kò mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ibẹ̀ ni mo ti ṣubú. Kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀. Ọjọ́ tí mo ní, "Kò burú, gbé e sẹ́yìn agolo ọ̀dà yẹn," ni.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti tú àpò. Ìbọn ìléwọ́ ni, kékeré, kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, irú èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ aṣọ rìn. Tuntun ni. Òróró ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣì le mọ́ ọn lára. Mo gbìyànjú láti fa ẹ̀yìn rẹ̀, ó le gan-in. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí. Nílùú yìí, kí wọ́n kàn bá a lọ́wọ́ èèyàn lásán, ẹ̀wọ̀n ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé bàbá mi kò ní jẹ́ kí irin tuntun le báyìí. Mo jáde lọ sí Parsloes Park, mo ṣa ìyẹ́ ẹyẹlé kan nílẹ̀, mo fọ̀ ọ́. Mo bu òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó mi, mo jókòó lórí àpótí, mo sì bẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ṣẹ́ẹ̀dì ni. Mo ń nu ún, mo ń kùn ún, mo ń fa ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. N kò lè purọ́ fún yín: inú mi dùn. Mo ń kọ orin bàbá mi lábẹ́lẹ̀. Ìyàwó mi a pè mí láti ilé ìdáná.

"Bàbá Tọ́lá, kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ gan-an? Ṣé ẹ ti fẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì ni?"

"Irinṣẹ́ ni mò ń tò, Ìyá Tọ́lá."

"Ẹ kú ìyàwó tuntun o!"

Nígbà tí Jídé padà wá, ẹnu mi ló sọ ọ́ kí n tó mọ̀: "Fi sílẹ̀ fún mi." Ó wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀. Lójú rẹ̀, mo rí i pé ẹrù bọ́ lórí òun náà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí mi o. Èmi náà ò rí yín." Ó lọ. N kò tún rí i mọ́.

Nígbà tó ti di tèmi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde. Mo kọ́kọ́ gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Mo gbé e lọ ra búrẹ́dì. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, mo wọ sùtánà funfun mi lé e lórí, mo bọ́ bàtà, mo kúnlẹ̀ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú rẹ̀ ní ìbàdí. Wòlíì ń gbàdúrà pé kí Olúwa mú ohun ìjà kúrò nínú ayé wa. Mo ṣe àmín. Ara mi ò tilẹ̀ bù máṣọ.

Ayọ̀ tí èèyàn ò lè fi han ẹnikẹ́ni kì í pẹ́ sú ni. Mo pe Àlàájì wá wò ó. Bó ti rí i, ó fò sẹ́yìn lu ilẹ̀kùn.

"Láìláà! Kí lèyí? Ta ló fún ọ?"

"Ṣé kò dára? Wò ó, bí ti bàbá mi."

"Bí ti bàbá ta? Bàbá tìrẹ fi bọ́ yín. Ta lo fẹ́ fi èyí bọ́? Gbé e lọ fún ọlọ́pàá. N ó bá ọ lọ."

"Ní Fráídè," ni mo wí.

Fráídè dé, mo ní ìkejì. Ìkejì dé, mo ní ara mi ò yá. Àlàájì ò jẹ́ n gbádùn. Bí a bá jọ ń jẹun níbi iṣẹ́, a sún mọ́ mi létí: "Ṣé o ti gbé àlejò ẹ jáde?" N kò mọ̀ mọ́ pé ìfẹ́ ni. Mo ti ń rí i bí ẹni tó fẹ́ gba ogún bàbá mi lọ́wọ́ mi.

Ohun tó kù tí n kò tíì ṣe fún ìbọn náà ni àṣà ilé wa. Kò tíì dún. Ní Sátidé kan, mo gbé e lọ sí etí odò, ní ìkọjá àwọn ilé ìkẹ́rùsí Dagenham Dock, níbi tí ariwo lọ́rì àti ẹ̀rọ kì í ti í dákẹ́. Mo kí i. Mo yìn ín sí òfuurufú, lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ẹyẹ odò fò. Òórùn ẹ̀tù gbà mí nímú, mo sì pariwo, "Bàbá!" Mo sunkún níbẹ̀ títí àyà mi fi fúyẹ́.

Mo délé, mo yọ àpótí kékeré tí ọta ń gbé ní ìdí rẹ̀, mo fi pamọ́. Ó parí lójú tèmi. Ó ti dún, irin lásán ni. Ẹnikẹ́ni tó mọ irú ìbọn yẹn ìbá ti sọ fún mi pé bó ṣe ń dún ni ó ń gbé ọta mìíràn gun ọ̀fun fúnra rẹ̀, yíyọ àpótí kì í sì í yọ ọ́. Ṣakabùlà ni mo mọ̀. Mo fi ìyẹ́ ẹyẹlé kùn ún, mo tẹ́ ẹ sùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Àlàájì dé. Ìyàwó mi wà ní ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì. Abọ́ ìkọ́kọrẹ́ wà lọ́wọ́ Àlàájì, aṣọ ni ìyàwó rẹ̀ fi wé e, ó ń rú èéfín.

"Ìyá Sìkírù ní kí n gbé e fún ọ. A ó jẹ ẹ́ tí a bá dé."

"Tí a bá ti ibo dé?"

"Teṣàn. Òní ni. Bí o ò bá lọ, n ó sọ fún Ìyá Tọ́lá lónìí yìí."

Mo wọ ṣẹ́ẹ̀dì, ó tẹ̀ lé mi. Mo mú ìbọn, n kò gbé e fún un. Mo ní kò lè yé e, pé ọmọ ọdẹ ni mí. Ó gbé abọ́ lé orí agolo ọ̀dà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, bó ti máa ń rẹ́rìn-ín sí mi láti ogún ọdún.

"Ọmọ ọdẹ! Bàbá ẹ pa ẹfọ̀n. Ìwọ ńkọ́? Ọ̀kẹ́rẹ́ Parsloes Park lo fẹ́ pa? Ará òkè, o ò lè pa eèrà. Bàbá ẹ gan-an á máa fi ẹ́ rẹ́rìn-ín lọ́run."

Mo kọ ẹnu ìbọn sí i. "Tún un sọ."

Ẹ̀rín rẹ̀ kúrò. Kò sá. Ó na ọwọ́ sí mi, àtẹ́lẹwọ́ lókè, bí ẹni tó fẹ́ gba omi. Ó ní, "Gbé e fún mi, jàre. Ìkọ́kọrẹ́ ń tutù."

Mo fi ìka fa ìbọn náà. Ó dún.

Ní kóòtù, mo ní n kò mọ̀ pé ọta wà nínú rẹ̀. Òótọ́ ni. Wọn ò gbà mí gbọ́, mo sì bínú sí wọn fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí n kò sọ ní kóòtù ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ní ìṣẹ́jú yẹn, bí mo ti gbọ́ orúkọ bàbá mi nínú ẹ̀rín yẹn, mo fẹ́ kí ó dún. Ọwọ́ mi gbà á gbọ́ pé irin lásán ni, ọkàn mi sì fẹ́ kó má jẹ́ irin lásán. Adájọ́ tí mo rò pé ó ṣì mí dá, kò ṣì mí dá.

Ìyá Sìkírù ò wá wò mí rí, kò sì yẹ kó wá. Láràárọ̀, mo máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì yìí, bí mo ti dọ̀bálẹ̀ fún Bọ́lá nínú erùpẹ̀, mo sì ń bẹ ọ̀rẹ́ mi. Bọ́lá wà láàyè láti sunkún. Èyí tí mò ń bẹ̀ báyìí kò dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Barking, ní Dagenham, níbikíbi tí ẹ bá ti ń ka èyí, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ bá òun tọ́jú irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀ fún un lójú ẹ̀, kódà bó jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín. Bó bá sì ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ má fi òróró kùn ún, ẹ má fún un lórúkọ, ẹ má rò pé ó ní ohun kan ṣe pẹ̀lú ilé bàbá yín. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ yín. Ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ti na ọwọ́ sí yín, ó ń fi yín ṣẹ̀sín, oúnjẹ yín wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Ẹ gbé e fún un. Kí ẹ jọ lọ, kí ẹ jọ dé, kí ẹ jẹ ìkọ́kọrẹ́ náà bó tilẹ̀ ti tutù.