Ohùn Tí Kì Í Ṣe Ti Mùsáfírù

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi oníkámẹ́rà Ìbàfò, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí kí n lè mí. Èmi Sàhéèdì tí mò ń fọ́nnu pé fáìlì kì í sọnù lọ́wọ́ mi, òpùrọ́ ni mí.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Nùsírátù wá bá mi láti Àgbàdo. Èmi ni mo ya fídíò ìsọmọlórúkọ Fàsílátù ọmọ rẹ̀. Kò pé ọdún kan sí i tí Mùsáfírù ọkọ rẹ̀ fi kú. Ó ní, "Brọ̀dá Sàhéèdì, ọmọ yìí ò mọ ohùn bàbá rẹ̀. Ẹ bá mi wá ibi tó ti pe ìrun sí i létí, ibẹ̀ nìkan."

Hádì-dísíìkì mọ́kànlá ni mo ní, nọ́ńbà lásán ló wà lára fáìlì, kò sí orúkọ kankan. Mo ṣí bíi ogún, ó sú mi. Ọ̀lẹ ni mí, ẹ gbà mí gbọ́! Ojú sì ń tì mí láti ní mi ò rí i. Mo bá gé ohùn bàbá ọmọ mìíràn, mo ní àwòrán rẹ̀ ti bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ ìrun ṣáà kan náà ni, ta ni yóò mọ̀?

Nùsírátù mọ̀. Ó ní, "Ohùn rẹ̀ ò wúwo tó yìí." Ẹ wá gbọ́ ibi tí mo bà á jẹ́ dé. Mo ní, "Ó ti pẹ́, Ìyá Fàsílátù. Ẹ ti ń gbàgbé ohùn rẹ̀ ni." Ó ní bóyá lóòótọ́ ni. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó sunkún lọ. Háà, èmi ìkà!

Lóṣù tó kọjá ó pè mí, ó tún ń ṣàdúà fún mi. Àdúà yẹn gún mi láyà. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo wá a ní fáìlì kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo rí i. Mùsáfírù pe ìrun tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Fàsílátù, èmi bàbá ẹ nìyí o. Ṣé o ń gbọ́ mi?"

Mo gba Àgbàdo lọ, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́, mo ṣí i fún wọn lórí fóònù mi. Nùsírátù figbe ta: "Mi ò gbàgbé ọkọ mi! Brọ̀dá Sàhéèdì, mi ò gbàgbé rẹ̀!" Fàsílátù sì dá fóònù lóhùn, "Mo ń gbọ́ yín, sà."

Obìnrin yẹn forí jì mí. Mo dúpẹ́, mo tún dúpẹ́, mo ti ń rí oorun sùn báyìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú iṣẹ́ yìí, ẹ máa kọ orúkọ sára fáìlì. Tí ẹ bá wá a tí ẹ ò rí i, ẹ sọ pé ẹ ò rí i.

Ó ku ẹnì kan. Àdìó, dìde kí n rí ẹ. Ohùn tí mo gé, tìẹ ni. Ìrun tí o pè sí ọmọ rẹ létí ni mo gbé fún ọmọ ọlọ́mọ. Jọ̀ọ́, forí jì mí.