Ohun tí Àdíját Pa Rẹ́

"Ẹ má bu omi fún mi o. Bí mo bá mu omi yín, n kò ní lè sọ ọ́ mọ́. Láti ọdún 2019 ni òtítọ́ ọ̀rọ̀ Ọmọ́lẹ́wà ti wà níkùn mi. Òní ló máa jáde."

Ẹnu ọ̀nà ilé àwọn Ọmọ́lẹ́wà ní Amadi-Ama ni Àdíját dúró sí, tó ń wo ilẹ̀. Ta ló tiẹ̀ fẹ́ fún un lómi?

"Wetin concern us with omi?" ni ìyá Ọmọ́lẹ́wà wí. "Ọmọ Làmídì, sọ tẹnu ẹ, kó o máa lọ."

Ọmọ́lẹ́wà ò dìde lórí àga. Ṣọ́ọ̀bù Làmídì, bàbá Àdíját, ní Rumuodara, ni àwọn méjèèjì ti jọ ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń mọ ibi tí wáyà abẹ́ ilẹ̀ ti já ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀. Kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó di títà, ẹnì kan á pa gbogbo ohun tí ẹni tó ni ín tọ́jú sínú rẹ̀ rẹ́, ẹnì kejì á yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn méjèèjì á buwọ́ lùwé. Òfin Làmídì nìyẹn. Poli ni Ọmọ́lẹ́wà ti jáde. Àdíját ò wọ ilé ìwé rí. Ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ìwé, tó kọ́ṣẹ́.

"Injiníà Pálọ̀ lo máa ń pè mí torí n kò wọ ilé ìwé," Àdíját wí, "gbogbo kọ́sítọ́mà á bú sẹ́rìn-ín. Ẹnu mi ò yá, mo kàn ń dì í sínú. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Augustine tó ni ilé iṣẹ́ wáyà ní ká bá àwọn ta ẹ̀rọ wọn, ìwọ lo gbà á, ó wà lórí tábìlì ẹ fún ọjọ́ méjì tó o fi ń tún un ṣe. Nígbà tó kàn mí láti pa inú rẹ̀ rẹ́, bọ́tìnnì tó ń tún ojú rẹ̀ ṣe nìkan ni mo tẹ̀. Ojú rẹ̀ mọ́ roro, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwòrán ọ̀nà wáyà wọn ṣì wà nínú rẹ̀. Ìkà ni mí. Mo ní, 'Lẹ́wà, mo ti bá ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, sáà buwọ́ lù ú.'"

"Èmi mumu sì buwọ́ lù ú."

"Mo fẹ́ kí Bàbá rí àṣìṣe ẹ, kí wọ́n bú ẹ lójú mi, lẹ́ẹ̀kan péré."

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ti tà kí Làmídì tó rí i, àwòrán náà sì bọ́ sọ́wọ́ olè. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, wọ́n ti hú wáyà Augustine níbi mẹ́ta ní Aluu. Ọlọ́pàá gbé ẹ̀rọ náà padà wá fún Làmídì, kó wo ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Ibi tó burú jù nìyí," Àdíját wí. "Bàbá lọ kírun alásàrí. Kí wọ́n tó dé, mo pa gbogbo inú ẹ̀rọ náà rẹ́. Iṣẹ́ tí mo kọ̀ láti ṣe, ọjọ́ yẹn ni mo ṣe é láṣepé. Bàbá ṣí i, wọn ò bá nǹkan kan. Wọ́n ní ọmọ àwọn ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ìwọ lo ti da àwòrán náà kọ kó tó kàn mí, o sì tà á. Mo dákẹ́."

"Ọjọ́ mọ́kànlá ní sẹ́ẹ̀lì!" ìyá pariwo. "Ẹ̀fọn fi ọmọ mi jẹun! Ìwọ ń sùn nílé bàbá ẹ, àbí? You no get shame?"

"N kò ní, mà." Àdíját fa ìwé yọ. "Ibi iṣẹ́ tí Lẹ́wà fẹ́ wọ̀ ti kọ̀wé sí ṣọ́ọ̀bù wa, wọ́n ń béèrè ìwà rẹ̀. Bàbá ní kí n fèsì pé olè ni. Ohun tí mo kọ nìyí. Ẹ foríjì mí."

Ọmọ́lẹ́wà gbà á, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. "Ọjọ́ mọ́kànlá ò sí níbẹ̀. Kọ ọ́ sí i."

Àdíját kúnlẹ̀, ó kọ ọ́ lórí itan, ó buwọ́ lù ú. Ọmọ́lẹ́wà gba bíírò, ó buwọ́ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

"Ṣé o ti dárí jì í ni?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Rárá o. Mo kàn yẹ̀ ẹ́ wò ni." Ó ju bíírò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àdíját. "Lọ́tẹ̀ yìí, fúnra mi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò. Dìde, máa lọ."