Fáìlì Àtijọ́ Tí Mo Jù Sínú Ìkòkò

Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ yọ ẹ̀rọ dírípù bàbá bẹ́ẹ̀dì kejì àti ti ìyá tó wà lẹ́bàá fèrèsé, kí ẹ tó bi mí ìdí tí mo fi fa tèmi tu. Ìyàwó mi, ìwọ náà jókòó. Ọdún mẹ́rin ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, àmọ́ kò ṣeé gbé mì mọ́. Láàárọ̀ yìí, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì dín oògùn mi kù láti ẹ̀kán márùn-ún ní ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta. Mẹ́ta ló hàn lójú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á, mẹ́jọ ló ń kán sí mi lára. Mo wo nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi ló ti jáde.

Èmi wà lára àwọn tó kọ kóòdù inú ẹ̀rọ yìí. Kọ̀ǹpútà kan wà lọ́fíìsì wa tí à ń pè ní Ìkòkò, torí inú rẹ̀ ni kóòdù gbogbo wa ti ń di ọ̀kan. Bí nǹkan kan bá ta kora, Ìkòkò á kọ̀, á sì to àṣìṣe pupa sójú. Lọ́sẹ̀ tí ẹ̀rọ méjìlá àkọ́kọ́ fẹ́ jáde, ó kọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Èmi ni wọ́n ní kí n wá ìdí rẹ̀. Mo wá a tì. Ẹ wá gbọ́ ìwà ọ̀lẹ: mo mú fáìlì àtijọ́ kan láti orí kọ̀ǹpútà tèmi, mo jù ú sínú Ìkòkò, mo ní kó máa lo ìyẹn, kó má wo tuntun mọ́. Gbogbo pupa pa rẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ méjìlá jáde lọ́jọ́ náà.

Ìṣirò oògùn ló wà nínú fáìlì ọ̀hún. Bí wọ́n bá yí iye oògùn padà, á ro tuntun mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Àbúrò wa kan níbi iṣẹ́, Atúdìí ni a ń pè é torí kì í fi àṣìṣe sílẹ̀ láìrí gbòǹgbò rẹ̀, ti tún ìyẹn ṣe tipẹ́ nínú fáìlì tuntun. Nígbà tí ẹ̀rọ kẹtàlá ṣe ségesège lórí tábìlì wa, òun ni wọ́n dójú sọ. Ó ka kóòdù rẹ̀ ní àkàtúnkà, kò lábùkù.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Àbí ojú mi ló ń tàn mí jẹ?"

Mo fa àga, mo jókòó tì í fún ọjọ́ méjì, mo ń bá a wá ohun tí èmi gan-an gbé pamọ́. Mo tilẹ̀ ń bu omi tútù fún un. Irú èèyàn wo ni mí? Láàárọ̀ tí ọ̀gá ń bọ̀ wá wò ó, mo yọ fáìlì náà. Nítorí àwọn yòókù ti tún kóòdù tiwọn ṣe látìgbà yẹn, Ìkòkò ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́, ẹ̀rọ kẹtàlá ò sì ṣe ségesège mọ́. Ọ̀gá ní ọmọ náà ti tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe ní kọ̀rọ̀, ó sì ń purọ́. Wọ́n lé e. Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Ọ̀gá bi mí pé, "Ṣé kò sí i nínú méjìlá tó ti jáde?" Mo ní, "Rárá o, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló bà á jẹ́." Ẹnu mi yìí ni. Wọn ò kó ìkankan padà.

Ẹni bá da eérú leérú ń tọ̀. Kí ẹ tó wọlé, mo ti pe Atúdìí, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò bú mi. Ó ní, "Ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀ fún mi." Mo kà á. Ó ní kí wọ́n pa méjèèjìlá, kí wọ́n má fi falẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ jókòó tì mí." Ó sì pa fóònù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kóòdù, níbikíbi tí ẹ bá wà, bí àṣìṣe pupa bá yọjú, ẹ jẹ́ kí gbogbo ayé rí i. Nọ́ọ̀sì, pẹ̀lú tèmi, mẹ́ta ni mo kà nínú wọ́ọ̀dù yìí. Ẹ bá mi wá mẹ́sàn-án tó kù.