Igi Píà Tí Mo Gbìn Sẹ́yìnkùlé Ọkọ Mi

Inú ń bí mi. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó sọ ohunkóhun, kí ẹnikẹ́ni má baà máa sọ fún mi pé kí n fọwọ́ wọ́nú, pé bí ilé ọkọ ṣe rí nìyẹn. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi tó. Ìyá mi sọ ọ́, ìyàwó pásítọ̀ sọ ọ́, obìnrin tó ń bá mi lọ ata sọ ọ́. Sùúrù, sùúrù, bí ẹni pé wọ́n ń tà á lọ́jà Arámọkọ, èmi ni mi ò rà. Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi ṣe sùúrù. Ibi tó gbé mi dé ni pé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, mo na ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, títí àtẹ́lẹwọ́ èmi fúnra mi fi ń ta mí, bẹ́ẹ̀ ohun tí ọmọ náà ṣe kò ju pé wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó sì sọ òtítọ́. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Tíṣà ni mí tẹ́lẹ̀, ní iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi kékeré kan nínú ìlú yìí. Owó oṣù náà kò tó nǹkan, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń pè mí ní Àǹtí, àwọn ọmọ á máa sáré pàdé mi láàárọ̀, èmi náà sì mọ̀ pé mo ń ṣe nǹkan láyé. Nígbà tí mo bí ọmọ mi kẹta, tí kò sẹ́ni tó máa bá mi gbé e, ọkọ mi ní, "Ìyá Dọlá, fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ jàre. Èló ni wọ́n ń san fún ẹ gan-an? Jókòó sílé kó o tọ́jú àwọn ọmọ. Èmi á máa gbọ́ bùkátà." Tíṣà lòun náà, ti sẹ́kọ́ńdírì ni tirẹ̀, ìjọba ló ń sanwó fún un. Mo gbà. Ta ló fi tipá mú mi? Kò sẹ́ni. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ mi lójú èèyàn, "wọ́n" ni mo máa ń lò fún un. Ẹ má bínú, lónìí "ó" ló tọ́ sí i lẹ́nu mi.

Ẹni tó bá ní obìnrin tó wà nílé kì í ṣe nǹkan kan, kó wá ṣe ọjọ́ kan péré níbẹ̀. Kílẹ̀ tó mọ́ kedere mo ti pọnmi, mo ti dáná, mo ti wẹ̀ fún ọmọ méjì, mo ti wá ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tó sọnù dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tí wọ́n bá lọ tán, aṣọ ń dúró, abọ́ ń dúró, ọmọ kékeré ń sunkún lẹ́yìn mi. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọkọ mi á gbé owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, èmi ni mo máa mọ bí ọbẹ̀ ṣe máa dé ọjọ́ Àìkú. Mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń lọ sọ́jà, nígbà tí àwọn ará oko bá ń kánjú àtiwọkọ̀, tí wọn ò fẹ́ gbé tòmátì padà sílé. Gàrí, ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Ìlórò ló ti ń wá. Ẹja, rírún ni mo máa ń rún un sínú ọbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ka ti ẹnì kejì. Iyán wá di ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ará Èkìtì tó ń jẹyán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀! Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ọgbọ́n ni.

Ọgbọ́n yẹn náà ló gbé mi dé ẹ̀yìnkùlé. Ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn ilé wa tí igbó ti bò. Ilẹ̀ ẹbí ọkọ mi ni, bàbá wọn tó ti kú ló fi í sílẹ̀, wọn ò sì tíì pín in. Mo ro díẹ̀ níbẹ̀, mo gbin tẹ̀tẹ̀, mo gbin ṣọkọ, mo gbin ata àti ilá. Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Kódà ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Bàbá Gbénga, tó jẹ́ olórí ẹbí báyìí, máa ń rán ìyàwó wọn wá já ẹ̀fọ́ níbẹ̀, wọ́n á ní ọwọ́ mi tutù sí ọ̀gbìn. Nígbà tí ọkọ mi wá rí i pé a kì í ra ata mọ́, a kì í ra ẹ̀fọ́ mọ́, ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó dín owó oúnjẹ kù. Ó ní, "Ó ṣáà ń tó ẹ." Mo fi kókò kún un, ó tún dín in. Bí mo ṣe ń ṣojú àánú sí owó rẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ lowó náà ń kéré sí i. Á wá máa yìn mí lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ìyàwó òun mọ ètò, pé ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ lòun ń gbé sílẹ̀, kì í sì í tán. Èmi náà á máa rẹ́rìn-ín! Orí mi ò pé nígbà yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ kọ́ ló ń múnú mi dùn. Píà ni. Ó bẹ̀rẹ̀ bí eré. Lásìkò píà, àwọn ọmọ mi á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á ju kóró rẹ̀ sílẹ̀, èmi á ṣà á, màá rì í sínú agolo mílíìkì tí mo ti dá ihò sí nídìí, màá bu iyẹ̀pẹ̀ sí i, màá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Lọ́sàn-án, tí ọmọ kékeré bá sùn, tí aṣọ bá ti wà lórí okùn, mo máa ń jókòó tì wọ́n. Mi ò ní ṣe nǹkan kan. Màá kàn máa wò wọ́n, èyí tí kóró rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sán, èyí tó ti ń hù, èyí tó ti yọ ewé méjì. Wákàtí kan ṣoṣo tó jẹ́ tèmi lójúmọ́ nìyẹn. Tí Dọlá, àkọ́bí mi, bá ti iléèwé dé, òun ló máa ń bá mi bomi rin wọ́n. Ó tiẹ̀ fi orúkọ àwọn tíṣà rẹ̀ sọ wọ́n, èyí tó ga jù ló ń jẹ́ Hẹ́dímásítà. À á rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà tí òjò dé, wọ́n ti tóbi ju agolo lọ. Mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ gbìn wọ́n sẹ́yìnkùlé. Ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa o. Mo sọ fún un. Ó ń jẹun lọ́wọ́, ó ní, "Gbìn ín, kí ló burú níbẹ̀? Àwọn ọmọ á rí nǹkan jẹ." Lọ́jọ́ Sátidé, òun fúnra rẹ̀ mú ọkọ́, ó gbẹ́ ihò méjì kó tó rẹ̀ ẹ́, ó lọ jókòó. Èmi àti Dọlá la gbẹ́ ìyókù. Mẹ́jọ la gbìn. Bí a ṣe ṣe tán, ọmọ náà nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó ní, "Mọ́mì, ta ló wá ni gbogbo ẹ̀?" Mo ní, "Tiwa ni." Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, inú oko kòkó ni mo dàgbà sí ní Ìlórò. Nílẹ̀ wa, ẹni tí wọ́n bá fún nílẹ̀ kó fi jẹun lè gbin ẹ̀gẹ́, ó lè gbin iṣu àti àgbàdo, kò sẹ́ni tó máa dá a dúró. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin igi tó ń pẹ́ láyé, ìbáà ṣe kòkó, ìbáà ṣe obì tàbí ọsàn, torí ẹni tó gbin irú igi bẹ́ẹ̀ ń sọ pé òun ló nilẹ̀ ni. Ojú mi báyìí ló ṣe nígbà tí bàbá mi lé ọkùnrin kan kúrò lóko wọn nítorí igi ọsàn mẹ́ta. Mo mọ òfin náà bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Àlejò ni wọ́n ṣe é fún. Àṣìṣe tèmi ni pé mi ò ka ara mi sí àlejò. Ọdún mẹ́tàlá, ọmọ mẹ́ta! Èmi ni mo fọ aṣọ ìyá wọn lórí àìsàn títí ìyá fi dákẹ́. Kí ló tún kù tí mo máa ṣe kí n tó di ara ilé?

Bàbá Gbénga fúnra wọn ló wá já ilá lọ́jọ́ kan, ni wọ́n bá rí igi. Wọ́n kàn padà lọ. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n kó àgbà ẹbí méjì lẹ́yìn, wọ́n jókòó sí pálọ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ta ló gbin igi sórí ilẹ̀ bàbá wa?" Mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni, màá tọrọ àforíjì tó bá bí wọn nínú. Wọ́n ní, "Ta ló ní kó o gbìn ín?" Mo wo ọkọ mi. Mo dúró dè é. Ọkọ mi wo ilẹ̀, ó wo fáànù lókè, ó fọwọ́ nu ojú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ o. Iṣẹ́ ni mo máa ń lọ láàárọ̀. Ẹ̀yin náà mọ obìnrin."

Ẹ mọ obìnrin! Ọwọ́ tó fi gbẹ́ ihò wà lórí itan rẹ̀ níbẹ̀! Èmi náà dákẹ́, torí wọn ò kọ́ mi láti pe ọkọ mi ní òpùrọ́ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Dọlá gbé omi mímu wọlé fún wọn. Bàbá Gbénga rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló ni píà ẹ̀yìn yẹn?" Ọmọ náà kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní, "Tiwa ni, sà. Mọ́mì ló sọ bẹ́ẹ̀. Dádì gbẹ́ ihò méjì, àwa gbẹ́ ìyókù." Ẹ ò rí nǹkan, kò sẹ́ni tó gbọ́ ti ihò méjì. "Tiwa ni" nìkan ni gbogbo wọn gbọ́. Bàbá Gbénga pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, "Ẹ ti gbọ́ báyìí! Ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ láti gba ilẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́." Wọ́n dìde tàwọn ti agbádá ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n fa igi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tu. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní kí n máa gbin ẹ̀fọ́ mi lọ, ẹ̀fọ́ ò lẹ́jọ́. "Àmọ́ kó o rántí pé ulé ọkọ lo wà o."

Ọkọ mi wọ yàrá lọ, ó lọ sùn. Ó sùn o! Èmi dúró láàárín pálọ̀, mi ò rẹ́ni tí ọwọ́ mi lè tó. Ìgbà yẹn ni Dọlá sáré wọlé tẹkúntẹkún, ó ní, "Mọ́mì, wọ́n ti fa Hẹ́dímásítà tu." Mo bá gbá a mú. "Ta ló ní kó o sọ̀rọ̀? Ta ló ní kó o lanu?" Bó ṣe ń ké ni mo ń gbá a. Kò sá. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, kò sá, ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń dúró kí n sọ ohun tó ṣe fún un. Ohun tó tọ́ sí ọkùnrin mẹ́rin ni mo kó lé ọmọ ọdún mẹ́wàá lórí.

Láti ọjọ́ náà, mi ò fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀yìnkùlé mọ́. Owó tí ọkọ mi bá gbé sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé ni mo ń sè. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọbẹ̀ tán lọ́jọ́bọ̀. Ó ní, "Ẹ̀fọ́ wa ńkọ́?" Mo ní ó wà lọ́jà. Ó fi owó díẹ̀ kún un, ó tún ní kí n lọ bẹ Bàbá Gbénga, ká jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú, pé píà mẹ́jọ péré ni. Píà mẹ́jọ kẹ̀? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ! Ohun kan ṣoṣo ni mo ní kó ṣe fún mi. Mo ní kó tẹ̀lé mi dọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó sọ lójú mi àti lójú ọmọ rẹ̀ pé òun ló ní kí n gbìn ín, òun ló sì gbẹ́ ihò méjì. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí n lọ sọ pé mo purọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. Ó ní ògiri tó bá lanu ni aláǹgbá ń ráyè wọ̀. A ò tíì sọ ọ̀rọ̀ gidi láti ìgbà náà.

Mo ti bẹ Dọlá. Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo bí nínú ara mi, mo ní kó má bínú, òun kọ́ ló jẹ̀bi. Ó ní, "Kò sí nǹkan, mà." Mo rò pé ó ti tán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni tíṣà rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Ó ní ọmọ tó máa ń kọ́kọ́ nawọ́ ní kíláàsì, tí wọ́n bá bi í ní nǹkan báyìí, á ní òun ò mọ̀. Ohun tó mọ̀ dáadáa ni o. Mo délé, mo rí i tí abọ́ kan fọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, omi ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rọra bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó ní, "Mọ́mì, èmi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Ẹ̀yin obìnrin tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ wá jókòó sílé, mi ò ní kẹ́ ẹ má jókòó. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí ọkọ yín bá ní kẹ́ ẹ ṣe, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ lójú àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́ lọ́jọ́ tó yẹ kí n sọ̀rọ̀, mo wá na ẹni tó bá mi sọ ọ́. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ti tọ́mọ rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo lè dá owó oúnjẹ padà fún ọkọ mi, mo lè padà sídìí iṣẹ́ tíṣà, mo lè kó ẹrù mi lọ sí Ìlórò lọ́la. Àmọ́ irú ẹnu wo ni mo máa fi sọ fún ọmọ yìí pé kó máa sọ òtítọ́?